Pákó ti fara ti ògiri láti oṣù kìn-ín-ní: báwo lẹ ṣe ń rí àyè fún iṣẹ́ igi kékeré nílé?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà (Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi kí wọ́n tó di olóògbé. Wọ́n fi ayùn mẹ́ta, ìfági méjì, òòlù, ṣísẹ̀lì mẹ́rin àti fáìlì sílẹ̀ fún mi. Èmi ò fi iṣẹ́ náà jẹun. Ọ́fíìsì ni mo ń lọ ní Dùgbẹ̀, aago méje alẹ́ ni mo sì máa ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbàgbé pákó. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa tí a fi páànù bò, kò ju fíìtì mẹ́jọ sí mẹ́fà lọ. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, mo ra pákó igi ọmọ kan ní Bódìjà: nínípọn íǹṣì kan, ìbú íǹṣì 12, gígùn fíìtì 12. Àpótí ìjókòó ni mo fẹ́ fi ṣe fún màmá mi ní Ọ̀yọ́. Èyí tí wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n bá ń dáná, bàbá mi ló kàn án. Ojú rẹ̀ ti là, wáyà ni wọ́n fi dì í. Oṣù kẹfà la wà yìí, pákó yẹn ṣì fara ti ògiri. Màmá ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ní béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ wọ́n.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. N ó dé, n ó jẹun, n ó wọ́ àpò irinṣẹ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N ó kó kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kúrò níbi iṣẹ́, n ó gbálẹ̀, n ó wá pẹ́ńsù. Kí n tó mú ayùn dání, ìdajì wákàtí ti lọ, iná náà á sì lọ. Sátidé, òde àríyá. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì títí di aago méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí i ṣe, níbo lẹ ti ń rí àyè?

Ayùn Mímú (Òkè-Àdó)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìrántí bàbá. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe káfíńtà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ń gbé àsìkò rẹ mì. Kó irinṣẹ́ kúrò níbẹ̀ lónìí. Wá àjákù pákó kan, kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ páànù rẹ, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Kan ìṣó sí i, kí o sì gbé ayùn, òòlù àti ìfági kọ́ síbẹ̀. Fi pẹ́ńsù ya ìrísí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ń gbé, kí ojú rẹ lè rí èyí tí kò sí nílé lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, bí iná bá lọ, mo lè na ọwọ́ mú ìfági nínú òkùnkùn. Tábìlì iṣẹ́ náà, má ṣe tú u palẹ̀. Bí àyè bá há, fi ínjì bíi ti ilẹ̀kùn kàn án mọ́ ògiri kí o lè máa gbé e sókè, kí o sì máa sọ ọ́ kalẹ̀.

Èkejì, má fi alẹ́ mẹ́ta ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe. Gbé pákó yẹn padà lọ sí Bódìjà, ní kí wọ́n fá a lójú méjèèjì, kí wọ́n sì gé e sí abala tí o fẹ́. Pákó oní-íǹṣì-kan tí wọ́n bá fá tinú tẹ̀yìn kì í ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lọ mọ́. Fi èyí sínú ìṣirò rẹ kí o tó sàmì.

Ẹ̀kẹta, ayùn tó kú ń jẹ alẹ́ ènìyàn. Fáìlì onígun mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí eyín ayùn bá mú, ohun tó ń gbà ọ́ ní wákàtí kan kò ní gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ.

Oṣù márùn-ún tí pákó fi dúró kò sì ṣòfò pátápátá. Pákó tí wọ́n ń tà fún wa kì í sábà gbẹ tán. Ìṣirò tí a máa ń lò ni pé pákó oní-íǹṣì-kan ń fẹ́ tó ọdún kan nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó gbẹ dénú. Ṣùgbọ́n má fi ti ògiri mọ́, yóò tẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

ÌyáÌbejì (Abẹ́òkúta)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọdún méjì ni àpò irinṣẹ́ tèmi náà fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ mi kò ní aago kan pàtó. Pákó tí a fi ń gé ẹ̀fọ́, àpótí ìwé ọmọdé àti ohun ìṣeré ni mo ń ṣe. Àárọ̀ ni mo rí gbà, láti aago márùn-ún ààbọ̀ títí àwọn ọmọ á fi jí. Mi ò gbọdọ̀ fi òòlù jí ará ilé, nítorí náà iṣẹ́ tí kò lárìíwo nìkan ni mo ń ṣe nígbà yẹn: wíwọ̀n, sísàmì, fífi sáńpépà ha. Iṣẹ́ òòlù àti ayùn di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta gbogbo àdúgbò ń pariwo.

Gọ́ọ̀mù funfun ni ọmọṣẹ́ mi tí kì í jẹun. Bí mo bá fi í lẹ nǹkan lálẹ́, mo di í pinpin, mo lọ sùn tàbí mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Bí mo bá dé, ó ti ṣe tirẹ̀. Ó lè dì mú láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n mi ò kì í fi agbára kàn án kí wákàtí 24 tó pé. Bí ẹ bá ka wákàtí tí gọ́ọ̀mù ń gbẹ mọ́ wákàtí iṣẹ́ yín, ẹ ó rí i pé àpótí kan kò gba àsìkò tiyín tó bí ẹ ṣe rò.

Kíláǹpù wọ́n, èmi ò ní. Tíúùbù táyà ọ̀kadà tó ti bàjẹ́ ni mo ń gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Mo máa ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí íǹṣì kan ní ìbú, mo sì ń fà á yí iṣẹ́ po nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ń di nǹkan mú ju okùn lọ.

Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ni wọ́n ń bá mi fi sáńpépà ha. Oní-80 tó rí gbágungbàgun ni mo kọ́kọ́ ń fún wọn, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 220 tó jọ̀lọ̀ jù, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìrókò, mi ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń ti àwọn ẹlòmíràn lọ́fun. Igi yòówù tó lè jẹ́, ẹ lo ìbòmú, ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Láti ọdún 1995 ni àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe, n kò lè ṣàì sọ èyí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kí ẹ tó tún ra pákó mìíràn, ẹ bi ìyàwó yín kí ni ó nílò nínú ilé ìdáná, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nílé wa ni ibi tí ọkọ mi ń kó bàtà sí. Láti ìgbà náà, òun gan-an ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu láàárọ̀.

Alápótí (Ìkòròdú)

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ẹni yìí rò pé gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé gé sí ogún ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ méjèèjì àpótí gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Bí o bá sàmì sí ọ̀kan lónìí, tí o sàmì sí èkejì ní ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní dọ́gba, àpótí á máa jó. Dì wọ́n pọ̀, sàmì sí wọn pọ̀, gé wọn lójókòó kan náà. Ojú tí ìdábùú (igi tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀) máa wọ̀ náà, bákan náà. Wákàtí méjì gbáko ni ìyẹn ń fẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè bu owó rẹ̀ kù. Mo máa ń yọ Sátidé kan lóṣù sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Mo sì máa ń tètè sọ fún àwọn tó ní ìnáwó pé mi ò ní wá, n ó fi owó mi ránṣẹ́.

Tíṣà Iṣẹ́ Ọnà (Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ ÌyáÌbejì àti ti Alápótí kò ta kora. Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ wọn sí, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ: ọnà lílé, àlẹ̀túnlé, dídán àti fífín. Ọnà lílé ni kí wọ́n la ìrísí ère jáde lára ìtì igi, ibi tí orí máa wà, ibi tí ara máa wà. Ní àlẹ̀túnlé, wọ́n á tún un lé, kí ojú, etí àti ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀. Dídán ni kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fífín ló gbẹ̀yìn: irun, ilà ojú, ọnà ara aṣọ, gbogbo ohun tí ẹnu ọ̀bẹ ń fín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Òsì, ti ń gbẹ́ igi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́, kí òun náà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ẹ wo bí ìpele mẹ́rin yìí ṣe kan aago. Ọnà lílé ń fẹ́ agbára, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó sì ń fẹ́ ọkàn tó pé, torí ohun tí a bá gé kúrò lára igi kì í padà síbẹ̀. Fífín kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè fín ìlà mẹ́ta, kí ó gbé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ sílẹ̀, kí ó padà wá lọ́la, kò sì ní sọ nǹkan kan nù. Àwa tí a ń ti ibi iṣẹ́ dé máa ń bẹ̀rẹ̀ ọnà lílé ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí ara ti kú. Ibẹ̀ ni pákó ti ń bàjẹ́, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń wọlé. Mo gé pákó ṣẹ́ẹ̀fù kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ rí, ó kúrú ní íǹṣì méjì. Ìrókò ni. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó tún fọwọ́ kan ayùn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pín ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi sí méjì: iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́. Gígé, lílu ojú igi àti títò nǹkan pọ̀ wà lábẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Sáńpépà, gọ́ọ̀mù, fáníìṣì, pípọ́n irinṣẹ́ àti yíya àwòrán iṣẹ́ tó kàn wà lábẹ́ iṣẹ́ alẹ́. Kí n tó pa ilẹ̀kùn, n ó kọ ohun kan ṣoṣo tí n ó ṣe bí mo bá padà dé: "ẹsẹ̀ òsì, oní-120". Ìlà kan yẹn ló ń gbà mí lọ́wọ́ ìdúró-wòye. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń fi wo iṣẹ́ kí n tó rántí ibi tí mo bá a dé.

Bí ọ́fíìsì bá fún yín ní ìsinmi ọdọọdún, ẹ fi ọjọ́ kan péré nínú rẹ̀ ṣe gbogbo gígé tó wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dì wọ́n papọ̀. Àwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e máa rọrùn.

Ará Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, mo sì ní ṣẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́yìn ilé. Ní oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin tó lù ni oòrùn ti wọ̀ níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́ yẹn yé mi dáadáa.

Ọpọ́n ayò ni mo fi gbẹ́ àsìkò jáde. Ihò méjìlá ló ní, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé ihò kan lálẹ́ kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣísẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi ṣíbí ni mo lò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ihò kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ kejìlá pé, ihò pé. Ọmọ ayò 48 ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi fi ránṣẹ́ láti ilé. Ọmọ mi ọkùnrin tí a bí síbí ti ń jẹ mí láyò báyìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òtútù, ẹ má lo gọ́ọ̀mù funfun nínú ṣẹ́ẹ̀dì bí òtútù bá ti lọ sílẹ̀ sí ìwọ̀n 5 lórí Celsius. Yóò gbẹ bí ẹfun, kò sì ní di nǹkan mú. Ẹ gbé iṣẹ́ wọlé. Bí ẹ bá ń lo pákó páálẹ́ẹ̀tì (èyí tí wọ́n ń to ẹrù lé) torí ọ̀fẹ́ ni, ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, MB túmọ̀ sí pé kẹ́míkà ni. Èyí tó ní MB, ẹ má gbé e wá sílé.

Àkísà tí ẹ fi ra epo linseed (epo tí a ń fi kun igi) náà, ẹ má ká a jọ. Ó lè mú ara rẹ̀ gbóná títí iná á fi sọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà (Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé. Irinṣẹ́ ti gorí ògiri. Bódìjà ti fá pákó, wọ́n sì ti gé e sí márùn-ún: ojú ìjókòó, ẹsẹ̀ méjì, ìdábùú méjì. Ìyàwó mi ní ibi tí òun máa kó ìdérí ìkòkò sí ni òun fẹ́. Mo fi àjákù ṣe é ní alẹ́ méjì, Sátidé tó ń bọ̀ sì ti di tèmi láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀.

Ìbéèrè méjì: kí ni n ó ṣe sí ọ̀rọ̀ iná? Kí ni n ó sì ṣe kí ojú àpótí yìí má bàa là bí ti àkọ́kọ́?

Alápótí (Ìkòròdú)

Dírílì oníbátìrì àti iná tó ń gba ṣáájì. Ìgbàkigbà tí NEPA bá mú iná wá, ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù ni kí àwọn náà wà. Mi ò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí iṣẹ́ kékeré rí. Owó bẹntiróò á ju owó pákó lọ.

Ayùn Mímú (Òkè-Àdó)

Ìṣó tí wọ́n kàn sí bèbè pákó láìlu ihò ló sábà máa ń là á. Bí ọyẹ́ bá dé, tí pákó súnkì, ojú ìlà náà á wá yanu. Fi dírílì lu ihò tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ. Bí kò bá sí dírílì, dojú ìṣó kọ òkè, fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ó kú. Ẹnu ṣóńṣó ń la igi sí méjì. Èyí tó ti kú ń jẹ ọ̀nà wọlé. Má sì kàn án sún mọ́ etí ju íǹṣì kan lọ.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà (Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé àpótí náà lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Sátidé kan ni mo fi gé ojú ìdábùú, àti alẹ́ mọ́kànlá tí kò sí èyí tó ju ìdajì wákàtí lọ. Tíúùbù táyà ló di í mú fún alẹ́ méjì.

Màmá kò kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí ìdábùú wọ inú ẹsẹ̀. Pẹ́ńsù tí mo fi kọ "òsì" ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá yín kì í pa tiẹ̀ rẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sídìí ààrò.

ÌyáÌbejì (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Kí lẹ fi kùn ún?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà (Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Àmín, ẹ̀gbọ́n mi. Fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì lára ẹsẹ̀ àti ìdábùú, mo sì fi oní-220 ha á díẹ̀ láàárín méjèèjì. Ojú ìjókòó, mi ò fi nǹkan kan kùn ún. Màmá ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí ó bá ń dán, àwọn á máa yọ̀ níbi tí àwọn ti ń ro ọkà.